ỌMỌ TÍ KÒ TÍÌ SỌ̀RỌ̀: IṢẸ́ TÁBÚLẸ́Ẹ̀TÌ ÀTI IṢẸ́ TIWA

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a máa sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ti tó ọ̀rọ̀ í sọ, ṣùgbọ́n tí kò sọ̀rọ̀. A máa rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé ní òkèèrè. A máa rí ohun tí àwa náà lè ṣe ní ilé wa láìná owó púpọ̀.

1. Ìbéèrè ìyá kan

Mo ń darí kíláàsì alẹ́ ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, ìyá kan dúró dè mí. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání. Ọmọ náà ti pé ọdún 6, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ ju "màmá" lọ. Ìyá náà tú aṣọ kan, ó mú tábúlẹ́ẹ̀tì kan jáde nínú rẹ̀.

Ó ní: "Olùkọ́ wa, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Àbúrò mi tó wà ní Kútọnu gbọ́ pé òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ní òkèèrè. Mo ta ewúrẹ́ méjì, ó sì bá mi rà á. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Láti àárọ̀ di alẹ́, àwòrán tó ń jó ni ọmọ mi ń wò. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan kún èyí tó mọ̀. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún mi ni?"

N kò ní èsì lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní àyè díẹ̀. Mo ka ìwé, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ síbí.

Èsì rẹ̀ rèé ní kúkúrú. Wọn kò parọ́ fún un, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ọkọ́ kì í dá oko ro. Ẹni tó ra ọkọ́ tuntun, tó gbé e ti ògiri, kò ní rí iṣu wà nígbà ìkórè. Ọwọ́ tó di ọkọ́ mú ló ń ro oko. Bẹ́ẹ̀ náà ni tábúlẹ́ẹ̀tì rí.

2. Kí ni tábúlẹ́ẹ̀tì? Kí ni áàpù?

Tábúlẹ́ẹ̀tì dà bíi tẹlifóònù alágbèéká, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ rò ó bíi wàláà tí àwọn ọmọ kéwú ń gbé sí orí itan. Ojú rẹ̀ ni a ń fi ìka tẹ̀. Iná mànàmáná ló ń jẹ, bíi ti tẹlifóònù.

Áàpù ni iṣẹ́ tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ náà. Áàpù kan wà fún ìṣirò, òmíràn wà fún orin, òmíràn wà fún àwòrán tó ń jó. Nítorí náà, tábúlẹ́ẹ̀tì méjì lè jọra ní ìta kí iṣẹ́ inú wọn má jọra rárá. Àwòrán tó ń jó ló kún inú ti ìyá yẹn. Áàpù tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

3. Bí ó ṣe dé ilé ìwé ní òkèèrè

Ní ọdún 1975, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gba àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara, kí wọ́n sì kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí òfin náà, ilé ìwé níbẹ̀ ní láti wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀. Ní èdè Faransé, orthophoniste ni orúkọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ di orúkọ náà mú, nítorí òun ni ẹ máa béèrè ní ọsibítù. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a máa pè é ní olùtọ́jú ọ̀rọ̀.

Kí tábúlẹ́ẹ̀tì tó dé, àmì àti àwòrán ni àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ń lò. Ní ọdún 1971, ní ìlú Toronto ní Kánádà, àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara tí kò lè sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí àmì láti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ní ọdún 1985, Andy Bondy àti Lori Frost, ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀. Ọmọ á mú àwòrán ohun tó fẹ́, á fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹni náà á sì fún un ní ohun tó béèrè.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ti wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n owó wọn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ọ̀pọ̀ òbí kò lè rà wọ́n.

Ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ kan ní Amsterdam, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, gbé áàpù kan jáde tí wọ́n pè ní Proloquo2Go. Ní ọdún 2010, iPad dé ọjà. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ jẹ́ 499 dọ́là. Ó fúyẹ́, ọmọ lè gbé e rìn. Àwọn ọmọ yòókù kò fi ọmọ tó gbé e ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀. Báyìí ni tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe wọ ilé ìwé.

4. Iṣẹ́ mẹ́ta tí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe

Iṣẹ́ kìíní: ó ń jẹ́ ẹnu fún ọmọ. Àwòrán kéékèèké wà lójú ẹ̀rọ náà. Bí ọmọ bá tẹ àwòrán "mo fẹ́", tó sì tẹ àwòrán "omi", ẹ̀rọ á sọ ọ́ jáde: "Mo fẹ́ omi." Gbogbo ẹni tó wà nítòsí á gbọ́.

Iṣẹ́ kejì: ó ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọmọ kan wà tó ń pe "ràkúnmí" ní "yàkúnmí". Olùtọ́jú á pè é dáadáa, ọmọ á tún un pè, ẹ̀rọ á gba ohùn méjèèjì sílẹ̀. Ọmọ á gbọ́ ti olùtọ́jú, á gbọ́ tirẹ̀, á sì tún gbìyànjú.

Iṣẹ́ kẹta: ó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ tuntun. Wọ́n á jọ wo àwòrán, wọ́n á jọ fi ṣe ìtàn: Ta ni èyí? Kí ló ń ṣe? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan jókòó ti ọmọ. Ẹni náà ni ọwọ́ tó di ọkọ́ mú.

5. Fi hàn, dúró, dáhùn

Kí ni ẹni tó jókòó ti ọmọ ń ṣe? Nǹkan mẹ́ta ni.

Fi hàn. Olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ń tẹ àwòrán bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní "ó yá, ká jẹun", á tẹ "jẹun" kí ọmọ rí i. Ẹ rántí ìkókó. Nǹkan bí ọdún kan gbáko ni a fi ń bá ìkókó sọ̀rọ̀ kó tó pe ọ̀rọ̀ kan padà. Ọmọ tó ń kọ́ àwòrán náà nílò kí a kọ́kọ́ fi àwòrán bá a sọ̀rọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, láìbínú.

Dúró. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè nǹkan, ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín. Ẹ má dá ọmọ lóhùn fún ara rẹ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ṣòro fún ń pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ mú. Bí a bá ti ń yára gba ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un, kò ní sọ ọ́ láéláé.

Dáhùn. Bí ọmọ bá fi ojú, tàbí ọwọ́, tàbí ohùn, tàbí àwòrán sọ nǹkan, ẹ dá a lóhùn kíákíá. Bí ó bá ṣèèṣì tẹ "ata" nígbà tó fẹ́ omi, ẹ gbé ata wá fún un pé kó wò ó. Kì í ṣe láti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Á rí i pé ọ̀rọ̀ òun ní agbára, á sì wá àwòrán tó tọ́.

Ní ọdún 2014, Connie Kasari, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Los Angeles, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Ọmọ 61 ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, láti ọmọ ọdún 5 dé 8. Gbogbo wọn ní ohun tí wọ́n ń pè ní ọtísìmù. Ọpọlọ ọmọ tó ní ọtísìmù ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀, ó sì máa ń ṣòro fún un láti bá ènìyàn ṣe pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ yìí ń sọ kò tó nǹkan. Gbogbo wọn ni olùtọ́jú bá ṣeré, tó sì bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn yìí ń fúnra wọn bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ nìkan.

6. Ṣé àwòrán kò ní dí ọmọ lẹ́nu?

Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ti ń tọ́ka sí àwòrán, kò ní gbìyànjú láti la ẹnu mọ́. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti àwa nìkan. Àwọn òbí ní òkèèrè náà ní i.

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Millar, Light àti Schlosser, kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ láti wo ọ̀ràn yìí. Nínú ìwádìí tó dájú jù lọ, wọ́n rí ènìyàn 27 tí wọ́n fún ní ọ̀nà mìíràn láti sọ̀rọ̀, bíi fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀ tàbí àwòrán. Nínú wọn, ènìyàn 24 sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn 3 dúró níbi tí wọ́n wà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù.

Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀. Igi tí a fi gbé ewéko ìṣù ró kì í dí iṣu lọ́wọ́ láti ta. Ó ń fún un ní ọ̀nà láti gòkè ni.

7. Ohun tí tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe

Kò lè rọ́pò ènìyàn. Ọmọ tó ń wo àwòrán tó ń jó ní òun nìkan kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ẹ mọ̀ sí OMS, kìlọ̀ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí ojú ẹ̀rọ rárá. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má lò ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, bó bá sì dín sí i, ó sàn jù.

Kò gbọ́ èdè wa dáadáa. Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Sípáníìṣì àti èdè Họ́láǹdì ni Proloquo2Go ń sọ. Ohùn ẹ̀rọ Faransé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù yìí máa ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀. Ẹ fi ohùn ọmọ ilé sí i, bí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, kó sọ ọ́ ní èdè tí ẹ ń sọ ní ilé.

Àwọn kan máa ń ní kí òbí pa Yorùbá tì, kó máa sọ Faransé nìkan sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbà. Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu. Èdè tí ìyá mọ̀ dáadáa ló lè fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kò lè wo etí sàn. Ọmọ tí kò gbọ́ràn kò ní gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà.

Iná rẹ̀ máa ń tán. Ní àwọn ilé ìwé òkèèrè pàápàá, olùtọ́jú tó gbọ́n máa ń fi àwòrán orí páálí pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ kò gbọdọ̀ di odi nítorí pé iná ti tán.

8. Etí ni kí a kọ́kọ́ wò

Ìka kò dọ́gba. Ọmọ kan á tètè sọ̀rọ̀, òmíràn á pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì yìí:

- Ó ti pé oṣù 9, kì í sì yíjú sí ohùn tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá.
- Ó ti pé ọdún kan ààbọ̀, kò sì tíì ní ọ̀rọ̀ kan.
- Ó ti kọjá ọdún 2, kò sì tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "omi dà?" tàbí "màmá wá".
- Ó ti pé ọdún 3, àlejò kò sì lè mọ ohun tó ń sọ.
- Ọyún ń jáde ní etí rẹ̀.
- Ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá dákẹ́. Èyí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la.

Ẹ lè dán etí wò ní ilé. Nígbà tí ọmọ bá ń ṣeré, ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kílẹ̀, nítorí ara rẹ̀ lè gbọ́ ọ. Bí kò bá yíjú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá yíjú pàápàá, tí ọkàn yín kò sì balẹ̀, ẹ ṣì lọ.

Kí ló ń fà á? Ó lè jẹ́ àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní méníńjáítì. Ó lè jẹ́ èéyi, tàbí ibà pọ́njú tó le nígbà ìkókó, tàbí ìbímọ tó pẹ́ tí ọmọ kò rí èémí gbà. Ó lè jẹ́ àjà ẹnu tó là. Àwọn oògùn kan tí a lò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà lè ba etí jẹ́. Nígbà mìíràn, kò sí ẹni tó lè rí ohun tó fà á. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè dènà díẹ̀ nínú àwọn àìsàn yìí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ gé abẹ́ ahọ́n ọmọ tàbí ohun tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nítorí pé kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀, àìsàn ipá sì lè wọlé. Ọ̀rọ̀ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ má sì da òróró tàbí àgbo sí etí tó ń ṣọyún.

Ilé ìwòsàn àdúgbò lè fi ìwé rán yín lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, tí wọ́n ń pè ní ORL. Ó wà ní CNHU ní Kútọnu. Ní Togo, ilé ẹ̀kọ́ ENAM ní Lomé ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ní iṣẹ́. Bí etí ọmọ kò bá gbọ́ mọ́ rárá, ọ̀nà kò tíì dí. Ní Louho, ní Àjàṣẹ́, ilé ìwé kan wà tí àwọn ọmọ adití àti àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn ti ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Èdè tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ níbẹ̀, èdè gidi ni.

9. Bí a ṣe lè ṣe pátákó àwòrán

Ẹni tí kò ní tábúlẹ́ẹ̀tì lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ohun tí ẹ nílò ni páálí, bíìkì, ọ̀rá tó mọ́ gaara, àti okùn.

1. Ẹ gé páálí náà kó fẹ̀ tó ìwé ńlá méjì.
2. Ẹ fa ilà sí i kó ní ojú mẹ́fà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogún.
3. Ẹ ya àwòrán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan. Kò di dandan kó lẹ́wà. Kó ṣáà jẹ́ pé ọmọ mọ̀ ọ́n.
4. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ àwòrán, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ lè ṣe èyí.
5. Ẹ fi ọ̀rá bò ó kí omi àti òróró má bà á jẹ́. Ẹ so okùn mọ́ ọn kí ọmọ lè gbé e kọ́ ọrùn.
6. Bí ọmọ bá ti mọ mẹ́fà, ẹ fi àwòrán tuntun kún un.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi oúnjẹ nìkan sí i. Kò tó. Ọmọ kì í ṣe ikùn nìkan. Ẹ fi "omi" àti "jẹun" sí i, ṣùgbọ́n ẹ tún fi "rárá" sí i, àti "tún un ṣe", àti "ó ń dùn mí", àti "wá bá mi ṣeré". Ọmọ tí kò lè sọ pé "ó ń dùn mí" lè ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta kí a tó mọ̀.

Bí ẹ bá ní tẹlifóònù tó ń gba áàpù, ẹ ní kí ọmọ yín tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bá yín wá èyí tó ń jẹ́ LetMeTalk. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn àwòrán inú rẹ̀ wá láti agbègbè Aragón ní Sípéènì, níbi tí ìjọba ti ń fún gbogbo ayé ní àwòrán náà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń pè wọ́n ní ARASAAC.

10. Ní ilé ìwé

Ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin 2017-06, tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹ̀kọ́ wà lára ẹ̀tọ́ náà. Bí wọ́n bá lé ọmọ yín padà ní ilé ìwé nítorí pé kò sọ̀rọ̀, ẹ fi sùúrù dárúkọ òfin yìí. Ẹ mú pátákó àwòrán náà dání, kí ẹ sì fi han olùkọ́ bí ọmọ ṣe ń lò ó.

Ẹ bẹ olùkọ́ pé kó fi ọmọ náà sí iwájú, kó kọjú sí i bó bá ń sọ̀rọ̀. Kó bi í ní ìbéèrè tó lè fi ìka dáhùn. Kó sì kọ́ àwọn ọmọ yòókù bí a ṣe ń lo pátákó náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ ló máa ń yára kọ́ ọ jù lọ, nítorí eré ni wọ́n fi ń ṣe.

11. Kí ni ìyá yẹn wá ṣe?

Kò sọ tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù. Ó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé ọyún wà ní etí rẹ̀ kan, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a yọ àwòrán tó ń jó kúrò nínú ẹ̀rọ, a fi áàpù àwòrán sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sínú rẹ̀. Ìyá ya ọ̀rọ̀ mẹ́fà kan náà sí orí páálí, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà.

Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọmọ náà ń wo ọwọ́ wọn lásán. Inú ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ fún un. Ọmọ náà dìde, ó rìn lọ síbi páálí, ó fi ìka lu "rárá". Ìyá àgbà pariwo, ó pe gbogbo ilé. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń jẹ. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé kò fẹ́ràn ẹ̀kọ.

Títí di òní, kò tíì sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án lẹ́nu, ó sì mọ àwòrán tó lé ní ogójì. Ó ti wọ ilé ìwé, páálí rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé: "Olùkọ́ wa, mo rò pé ẹ̀rọ ni mo rà. N kò mọ̀ pé èmi náà gbọ́dọ̀ kọ́ èdè ọmọ mi."

Ẹ jẹ́ ká rántí

- Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ní ohun tó fẹ́ sọ.
- Etí ni kí a kọ́kọ́ wò.
- Tábúlẹ́ẹ̀tì kì í dá ọmọ kọ́. Ènìyàn tó jókòó tì í ló ń kọ́ ọ.
- Fi hàn, dúró, dáhùn.
- Páálí àti bíìkì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lónìí.

Ẹ jọ jíròrò ní kíláàsì

1. Kí ló dé tí ọmọ ìyá yẹn kò rí èrè tábúlẹ́ẹ̀tì ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́?
2. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà wo ni ẹ máa kọ́kọ́ yà fún ọmọ tí ẹ mọ̀? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ wà ní àdúgbò yín bí? Ta ni ó máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, nígbà wo?
4. Ẹ pín ara yín ní méjì méjì. Kí ẹnì kan má la ẹnu fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó máa fi àwòrán béèrè ohun tó fẹ́. Lẹ́yìn náà, kó sọ bó ṣe rí lára rẹ̀.